Orúkọ Tí Kò Sí Lára Aṣọ Funfun

Ẹ̀yìn Adágún Rankala,
Kolhapur.
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, ọdún 1947.

Vatsala, ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ọ̀nà jíjìn. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé ikọ́ tó ń bá ọ fínra nígbà òtútù ti relé rẹ̀, àti pé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ní Pune kò fi ariwo fọ́ ọ lórí jù. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ń dùn mí, ojú ọ̀tún mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kò yẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kú lára mi ló le jù lọ.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn. Mo rin ìrìn àjò kan, wàá gbọ́ nípa rẹ̀ níwájú. O ní ìyá Madhav pàdé ọkùnrin Karad kan níbi ìsìnkú, ọkùnrin náà sì sọ fún un pé obìnrin tó bí ọ fi májèlé pa ọkọ rẹ̀, àní pé wọ́n tilẹ̀ ṣe sinimá ọ̀rọ̀ náà. O ní wọ́n ti dá ètò ìgbéyàwó yín dúró, Madhav kò sì mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni o wá kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé: "Baba, ṣé òótọ́ ni?"

Kì í ṣe òótọ́. Mo yára kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sọ ohun mìíràn. Ìyá rẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Èmi Narhari ni mo sọ pé ó pa á.

A ti sọ fún ọ tipẹ́ pé Radha, ìyàwó mi olóògbé, kọ́ ló bí ọ. A ní odò ló gbé ìyá rẹ lọ nígbà ìkún omi. Odò ló gbé e lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìkún omi kankan lọ́dún náà. Jókòó, ọmọ mi. Bí ẹnìkan bá wà nítòsí rẹ, sọ fún un pé o fẹ́ dá wà.

Lọ́dún 1928, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Karad kò sí mọ́ lónìí. Abbasbhai, oníṣòwò kan báyìí, fi páànù kọ́ ilé sinimá sí ibi tí wọ́n ń kó ṣúgà ìrèké pamọ́ sí tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn èèrà kò yéé bá wa wòran. Sinimá ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀. Bí àwòrán bá ti lọ díẹ̀, yóò dáwọ́ dúró, ìlà ọ̀rọ̀ funfun á yọ lára aṣọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì àti lédè Gujarati. Àwọn tó lè kà á nínú ilé yẹn kò pọ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ. Nítorí náà ni Abbasbhai ṣe gbà mí. Màá dúró lápá òsì aṣọ náà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, màá tọ́ka sí ọ̀rọ̀, màá sì ké e jáde lédè Marathi kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

Má rò pé ohun tí wọ́n kọ ni mo ń kà. Ta ni yóò gba ìyẹn? Bí ọlọ́pàá bá yọ nínú àwòrán, orúkọ Thorat, ọlọ́pàá Karad, ni màá pè é. Bí ahun bá yọ, màá ní elépo tó wà níwájú tẹ́ńpìlì ni. Elépo á dìde nínú òkùnkùn, á máa bú mi, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Bí mo bá ka ìlà méjì láì fi iyọ̀ sí i, wọn á bẹ̀rẹ̀: "Narhari, ṣé orí àìsàn lo ti wá ni? Fi tiwa sí i jàre!" Mo máa ń fi tiwọn sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Bí mo bá ń kọjá lọ́jà, àwọn èèyàn á máa fi ohùn mi ṣeré, inú mi á sì máa dùn bíi ti ọkọ ìyàwó.

Ohun tí n kò fọkàn sí ni pé ẹni tí kò mọ̀wé kò lè mọ ibi tí ìwé parí sí, tí ẹnu mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń rí àmì funfun, wọ́n ń gbọ́ ohùn mi, ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú wọn. Bí mo bá pe Thorat, wọ́n gbà pé Thorat ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu kò ju bí àwọn ará Bombay ṣe mọ Thorat lọ.

Vaman Joglekar ni orúkọ bàbá rẹ. Akọ̀wé ni níbi tí wọ́n ti ń wọn ṣúgà ìrèké, èèyàn jẹ́jẹ́, kò lè kọrin ṣùgbọ́n kò yéé kọrin. Ní alẹ́ Kojagiri ọdún náà, tí gbogbo wa máa ń mu wàrà lábẹ́ òṣùpá, òun náà mu tirẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lórí òrùlé. Lọ́jọ́ kejì, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú. Èèyàn mẹ́rin mìíràn kú ní òpópónà kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, dókítà sì sọ pé àrùn onígbáméjì ni. Kò sí ẹni tó jiyàn. Wọ́n fá orí Godavari ìyá rẹ, wọ́n fi aṣọ pupa opó wọ̀ ọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ìwọ sì ń rìn tàgétàgé káàkiri inú ilé, o ń wá bàbá rẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni sinimá kan dé sí wa láti Bombay. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Champa ló wà nínú rẹ̀. Ó ní àlè, oníjìbìtì kan tó ń ta tẹ́tẹ́. Ó lọ irúgbìn dàtúrà, igi olóró kan, ó dà á sínú wàrà, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ di ọrùn ara rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ yọ jáde, ó ṣubú lu ilẹ̀. Champa fá orí, ó ń sunkún níwájú àwọn ará ilé, ó sì wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Àlè rẹ̀ já bọ́ láti orí òrùlé ilé iṣẹ́ òwú níbi tó ti ń sá fún ọlọ́pàá, Champa fúnra rẹ̀ sì kú sẹ́nu okùn. Bí mo bá sọ pé sinimá náà kò dùn, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Sátidé ni, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ilé kún fọ́fọ́. Nígbà tó kan ibi tí wàrà ti ń hó lórí iná, ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn: "Narhari, kí lorúkọ rẹ̀ gan-an? Má fi Champa ará Bombay yẹn dà wá láàmú!" Mo wo wàrà náà, mo rántí Kojagiri, mo rántí opó Vaman. Ẹnu mi yá ju èmi fúnra mi lọ. Mo fi ọ̀pá tọ́ka sí ìlà ọ̀rọ̀, mo sọ ohùn mi di ti obìnrin, mo ní: "Èmi Godavari rẹ ni, ọkọ mi. Mu wàrà rẹ kó tó tutù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi òmùgọ̀ rò pé ìyìn ni.

Vatsu, mo búra fún ọ, n kò ní ìyá rẹ sínú. Kò ṣẹ̀ mí rí. Ì bá sàn kó jẹ́ pé mo kórìíra rẹ̀, ìyẹn ì bá tiẹ̀ ní ìdí. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti wí i, bó bá bọ́, kò ṣé kó. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo tilẹ̀ máa ń pa á fún àwọn ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ti ń fi kẹ̀kẹ́ màlúù wá láti àwọn abúlé. Abbasbhai gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Narharibhai, má yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀ o! Bó o ṣe kà á lánàá ni kó o kà á lónìí." Bẹ́ẹ̀ ni mo kà á fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní etí kànga, àwọn obìnrin a máa gbé ìkòkò wọn sẹ́yìn bí Godavari bá ti ń bọ̀. Ẹni tó ń ta wàrà kò dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ó ní wọ́n á máa fi òun ṣẹ̀sín. Raghunath, àbúrò bàbá rẹ, tí kò lọ sinimá rí láyé, wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilé náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja gbígbẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó kó ẹrù ìyá rẹ sí ilé màlúù, ó ní, "N kò lè bá ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Bombay gbé abẹ́ òrùlé kan." Thorat ọlọ́pàá lọ bá dókítà, dókítà ní onígbáméjì ni. Àwọn èèyàn fèsì pé, "Dókítà lè gba rìbá. Ìwé kì í gba rìbá. Ṣebí ojú wa la fi rí i?"

Thorat pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Narhari, lọ sọ fún àwọn èèyàn yìí pé àwàdà ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n á gbàgbé bí sinimá tuntun bá dé. Radha kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jẹun nílé. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n kà níbẹ̀. Sọ fún wọn lónìí." Mo dá a lóhùn pé, "Bí mo bá ní n kì í ka ohun tó wà níbẹ̀, láti ọdún mẹ́fà, ta ni màá jẹ́ ní Karad lọ́la?" Ohun tí mo fi ẹ̀mí ìyá rẹ rà nìyẹn, ọmọ mi: kí wọ́n lè máa kí mi lọ́jà.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ní ọ̀sán gangan, ìyá rẹ gba ẹ̀yìn wọlé sí ilé sinimá. Ó gbé ọ sí ìbàdí. Abbasbhai wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń rún ewé tó máa ń jẹ bí ẹni jẹ obì. Mo ń gbálẹ̀. Ó fi etí aṣọ pupa rẹ̀ bo orí, ó kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Narhari, wọ́n ní orúkọ mi wà níbí. N kò mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí." Mo wo Abbasbhai. Abbasbhai wo mí. Mo ní kí ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ gbé e síbi wàrà.

Inú ilé páànù náà ṣókùnkùn tó, ìlà ọ̀rọ̀ sì yọ. Ó sún mọ́ aṣọ funfun náà débi pé ọ̀rọ̀ tàn sí i lójú àti lápá. Ó na ọwọ́, ó ní, "Èwo ni èmi nínú wọn?"

Mo lè sọ òótọ́ nígbà náà. Lọ́kàn mi, mo ti ń sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti ọdún méjìdínlógún, nínú ilé ìwẹ̀, lójú ọ̀nà ọjà. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọ̀pá mi sókè, mo fi tọ́ka sí Champa, mo ní, "Èyí."

Ó gbé ìka lé e. Mo retí pé á pariwo, á bú mi, á fi mí ré. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ gba ìmọ̀ràn: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo se wàrà yẹn lóòótọ́. Èmi ni mo gbé e fún un. Àbí nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ṣé ìwé lè mọ ohun tí èèyàn ṣe tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀?" Mo tẹjú mọ́ orí ọ̀pá mi. Ìwọ na ọwọ́ sí ìmọ́lẹ̀ náà, o ń gbìyànjú láti mú un. Ó gbá ọ lọ́wọ́ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Vatsala.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn afọṣọ rí òkú rẹ̀ níbi tí odò Krishna àti Koyna ti pàdé. Radha sì bá ọ lẹ́nu ọ̀nà wa, o wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n ti fi òróró pa ọ́ lórí, o ń jẹ àkàrà onídùn kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún ka sinimá náà fún ìgbà tó kẹ́yìn, torí Abbasbhai ní àwọn ará abúlé ti dé. Mo pe Champa ní Champa. Wọ́n hó lé mi lórí, wọ́n ní mo ń bẹ̀rù ẹ̀mí òkú. Radha gbé ọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lálẹ́, ó ní, "A ó tọ́ ọmọ yìí. Ìwọ kò ní ní ìsinmi lójú rẹ̀ títí wàá fi sọ fún un." Kí oṣù tó parí, a ti kó wá sí Kolhapur. Níbí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí o bá mi lẹ́nu rẹ̀, kí n máa ka lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, n kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún tẹnikẹ́ni rí.

Bí lẹ́tà rẹ ti dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Karad. Mo rò pé ìgbà tí mo lè dá orúkọ rẹ̀ padà fún un nìyí, kí àwọn ará Karad fúnra wọn lè kọ̀wé sí ìyá Madhav. Abbasbhai ti kú. Raghunath wà nínú ilé náà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Mo dúró lábẹ́ igi níwájú tẹ́ńpìlì, mo lo ohùn tí Ọlọ́run kò gbà lọ́wọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ́tí díẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn àgbà wo ara wọn.

Kashibai ló dá mi lóhùn, obìnrin kan tó máa ń bá ìyá rẹ pọn omi kí ọ̀rọ̀ tó dà bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú bí a ti ń di ti aláìsàn mú. Ó ní, "Narhari, ogbó ti dé, ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ ọ lọ́kàn. Àwa wà níbẹ̀. Ó wà lára aṣọ, funfun báláú. Godavari fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó lọ. Ó ní òun ti rí i, òun ti fọwọ́ kan orúkọ òun. Ó ní kí n bá òun bẹ ọkọ òun bí mo bá ṣáájú òun dé ọ̀run." Gbogbo wọn mi orí. Ẹnìkan bu omi fún mi, wọ́n bá mi wá ọkọ̀ tó ń padà lọ.

Bí ìyá rẹ ṣe kú nìyẹn, ọmọ mi. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun ló pa ọkọ òun. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ló gbé e dé odò. N kò mọ èyí títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tí mo ṣe.

N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Bí o bá fẹ́, màá wá sí Pune, màá dúró níwájú ìyá Madhav àti gbogbo ẹbí rẹ̀, màá tún un sọ. Bí o kò bá sì fẹ́ rí ojú mi mọ́, ilé yìí àti àwọn ìwé inú rẹ̀, tìrẹ ni wọ́n bí mo bá kú.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ẹnu rẹ̀ ba ayé rẹ jẹ́. Kí ọkọ tí wàá fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń bèèrè kó tó gbàgbọ́. Kí o bímọ, kí o sì fi orúkọ Godavari pe ọ̀kan nínú wọn láìtijú. Kí ara rẹ le, kí ọkàn rẹ má ṣe korò nítorí mi.

Èmi ni, ẹni tí o ń pè ní Baba,

Narhari Phatak.

Mo gbàgbé nǹkan kan: Ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ gé ibi wàrà náà pẹ̀lú ìlà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú fíìmù lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyá rẹ jáde nínú odò, nígbà tí mo kà á tán. Ó jù ú sí mi lójú, ó fi Karad sílẹ̀. Òun ni mo dì sínú bébà pupa yìí. Má tẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ, ó lè ṣẹ́. Gbé e sókè sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án, fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, kí o sì pe ìyá Madhav wá wò ó. N kò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ. Ìwọ mọ̀wé, kà á fúnra rẹ.